Okùn Tí O Máa Fi Wọn Pẹpẹ Ẹ̀fọ́ Rẹ

Sùúrùlérè,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ìyanu ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Okùn kan wà nínú àpòòwé yìí. Má jù ú nù, má sì fi di nǹkan. Mo mọ̀ ọ́, ohunkóhun tó bá ti jọ okùn lójú rẹ, ìdí tòmátì lo máa so ó mọ́. Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà títí o ó fi ka ìwé yìí dé ìparí.

Ǹ bá ti pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ èmi àti ìwọ mọ bí fóònù ṣe máa ń rí láàárín wa. Mi ò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí o ó ti ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mò ń pè yín padà." Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń dá dúró sáàárín. Ìyá rẹ sọ fún mi pé Ọjọ́rú ni Fàtáì wẹ́dà ń bọ̀ wá gba ìwọ̀n pẹpẹ lọ́wọ́ rẹ, pé tó bá ti jó irin náà pọ̀, kò sí títú mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ lónìí, tí mi ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó tún ní o bi òun pé, "Mọ́mì, ṣé Dádì ń bínú sí mi ni?" Torí pé mo wá síbi iṣẹ́ rẹ ní Ìlúpéjú ní Ọjọ́bọ̀, mo wò yíká, mi ò sọ gbólóhùn kan tó gún, mo sì lọ láì fọwọ́ kan ìrẹsì tí o gbé kalẹ̀. Mi ò bínú o. Mo rí ohun kan níbẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. N ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó yẹ kí n ti sọ tipẹ́.

Orí mi wú nítorí rẹ. Ìgbà tí o fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, tí o ní o fẹ́ máa gbin ẹ̀fọ́ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, mo rẹ́rìn-ín sí ọ níwájú ọkọ rẹ. Mo ní, "Ẹ̀fọ́ wo ló ń hù lábẹ́ gílóòbù?" Má bínú sí mi nítorí ẹ̀rín yẹn. Lẹ́túsì tí o fún mi lóṣù tó kọjá, mo mú un lọ sí ìpàdé àwọn bàbá ìjọ nínú ọ̀rá, mo sì gbé e lé tábìlì bí ìgbà tí akọ̀wé gbé ìwé ìpàdé kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn. Ó ní, "Tíṣà, ewé yìí kò rí oòrùn rí?" Mo ní kò rí i rí. Ó ní, "Kò rí òjò náà?" Mo ní òjò kẹ̀, ó gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù ni. Ó já ọ̀kan jẹ, ó wá ní, "Ọmọ yín ti fi ẹ̀yìn àwa tí a ní oko balẹ̀." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo rìn délé lọ́jọ́ yẹn, bíṣọ́ọ̀bù kì í rìn bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ pẹpẹ. Ìbéèrè tí o bi mí ni pé ṣé kí o to ẹ̀fọ́ náà léra, àjà márùn-ún, ọ̀kan lórí èkejì, kí gílóòbù gígùn wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan; àbí kí o tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, kí iná máa so rọ̀ látòkè. O ya àwòrán rẹ̀ fún mi, ó sì mọ́. Yàrá kan náà, ẹ̀fọ́ ìlọ́po márùn-ún. Mo tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo délé, kò yingin. Tó bá jẹ́ orí ìwé la ti ń gbin ẹ̀fọ́, ìwọ lo jàre. Àmọ́ bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Jẹ́ kí n tẹ́ àkísà tèmi sílẹ̀ kí o wò ó.

Kí a tó bí ọ, ní ọdún kejì tí mo gbé ìyá rẹ níyàwó, mo sin adìẹ ẹlẹ́yin nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé tí a ń kó ẹrù sí báyìí. Gbogbo àdúgbò ló ń sin adìẹ nígbà náà. Wọn a lọ kó ìyẹ̀fun igi lọ́dọ̀ àwọn tó ń lagi létí ọ̀sà, wọn a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, adìẹ á máa rìn káàkiri lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn, ojú kan ló fi ń rí gbogbo adìẹ rẹ̀. Èmi olùkọ́ iṣẹ́ igi ní Yábàá, tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìlà tó wọ́, mo ní ìwà ọ̀lẹ nìyẹn. Mo ní ẹni tó mọ ìṣirò kì í tẹ́ adìẹ sílẹ̀ bí ẹní. Mo bá kan àgò alájà mẹ́rin. Ìlọ́po mẹ́rin adìẹ nínú yàrá kan náà. O rí i pé ibi tí o ti rí ìṣirò rẹ kò jìnnà.

Ó lẹ́wà o, mi ò ní purọ́. Àwọn èèyàn ń wá wò ó lẹ́yìn ìsìn. Bàbá ìyá rẹ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Adìẹ ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó." Inú mi dùn débi pé mi ò sùn.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n ni ooru. Ooru kì í jókòó sílẹ̀, òkè ló ń lọ. Lábẹ́ páànù yẹn, adìẹ àjà òkè ń yanu, ti ìsàlẹ̀ ń sùn. Èmi ò mọ̀, torí mo wà nílé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án. Ìyá rẹ ò rí wọn lọ́sàn-án, torí ojú rẹ̀ ò tó ibẹ̀ láti ilẹ̀. Ìgbà tí òórùn jáde la tó mọ̀ pé mẹ́ta ti kú. Gílóòbù tìrẹ náà ń mú ooru wá, bí ẹni tó tà á fún ọ tilẹ̀ sọ pé kò gbóná. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn irin rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mo sì tètè gbé e kúrò. Àjà márùn-ún túmọ̀ sí iná márùn-ún, èyí tó wà lókè pátápátá ni yóò sì máa gba ooru gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ kún tirẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi pé tí ooru bá mú lẹ́túsì, kíkorò ló ń dà. Nítorí náà, bí o bá máa tò ó léra, fi fáànù sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ fúnra rẹ̀, má fi í sí ẹnu ọ̀nà nìkan. Lórí tábìlì ńkọ́? Ibẹ̀ rọrùn. Ooru á fò lọ sókè àjà, ewé á wà nísàlẹ̀ ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn ooru, omi. Omi adìẹ òkè ń kán sórí ti ìsàlẹ̀, ohun tí kì í ṣe omi náà sì ń kán, mi ò ní kọ ìyẹn sínú lẹ́tà. Páìpù rẹ lè má jò lónìí. Ọjọ́ tó bá jò lókè, gbogbo ìsàlẹ̀ ló máa gbọ́. Pọ́ǹpù ló tún gbọ́dọ̀ gbé omi dé àjà karùn-ún; bí wọ́n bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ náà bá ṣe agídí, ta ni yóò gbé omi gùn ún? Lórí tábìlì, Bọ́sẹ̀ tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ lè fi ife bu omi sí gbogbo rẹ̀ kí o tó ti ilé rẹ ní Yábàá dé. Má rò pé mò ń bá pẹpẹ jà. Mò ń sọ fún ọ pé gbogbo àjà tí o bá fi kún un, wàhálà rẹ̀ ni kí o kà, má ka ewé rẹ̀ nìkan.

Mo rí i pé mo ti ń lọ yíká ọ̀rọ̀. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lẹ́yìn mi, ó wo ibi tí mo dé, ó ní, "Ẹ ti kọ nípa fáànù tán, ó kù èyí tó kù." Ó gbé tíì sílẹ̀, ó lọ.

Èyí tó kù nìyí. Láti kékeré lo ti máa ń bi wá pé kí ló ṣe ọwọ́ òsì ìyá rẹ tí kì í nà tán. A sọ fún ọ pé ó yọ̀ ṣubú nínú ẹrọ̀fọ̀ lọ́jà. Irọ́ ni, Ìyanu. Èmi ni mo fa ọ̀ràn ọwọ́ náà.

Nígbà tí mò ń wọn àgò adìẹ yẹn, ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo dúró ti ògiri, mo na ọwọ́ sókè, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà. O mọ bí mo ṣe ga, ìwọ náà lo jogún rẹ̀. Ìyá rẹ ò dé èjìká mi. Òun ló sì ń fún wọn lóúnjẹ ní àràárọ̀, torí èmi gbọ́dọ̀ débi iṣẹ́ kí agogo tó lù. Ní ọjọ́ kejì gan-an ló ti sọ fún mi. Ó ní, "Tíṣà, àjà òkè yẹn ga jù fún mi." Bó ṣe ń pè mí nígbà náà nìyẹn. Mo ní, "Àpótí wà nílé ìdáná." Mi ò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú ìwé tí mò ń kà. Ó ní, "Kò le." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpótí.

Ó gùn ún títí oyún fi di oṣù méje. Oyún rẹ ni. Mò ń rí i lójoojúmọ́ tí ikùn rẹ̀ ń ga sí i, mi ò sì rò ó pé àgò náà kò kúrú sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ tutù nítorí omi tó kán láti òkè, àpótí yẹ̀. Aládùúgbò wa ló sáré wá pè mí ní kíláàsì. Nígbà tí mo dé ọsibítù, wọ́n ti di ìgúnpá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń bọ̀ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní ká máa retí, pé òun ò lè ṣèlérí ọmọ náà fún wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi dùbúlẹ̀. Mo jókòó tì í, mo fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, mò ń retí kí o tàpá. Ọjọ́ tí o tàpá, mo sunkún lójú àwọn nọ́ọ̀sì. O ti bi mí rí pé kí ló dé tí a sọ ọ́ ní Ìyanu nígbà tí gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí o jẹ́ Adébísí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Kò tán síbẹ̀. Ìyá mi wá láti ilé láti tọ́jú rẹ̀. Wọ́n bi wá pé báwo ló ṣe ṣubú. Kí n tó lanu, ìyá rẹ ti ní ẹrọ̀fọ̀ ọjà ni, kó má baà dójú tì mí lọ́dọ̀ ìyá mi. Ìyá mi bá a wí kíkankíkan. Wọ́n ní, "Aboyún wo ló ń fi bàtà gíga rìn nínú ẹrọ̀fọ̀?" Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́. Mo dákẹ́. Wọ́n kú láì mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ti ṣe láyé, àgò yẹn kọ́ ló wúwo jù lọ́kàn mi, ìdákẹ́ yẹn ni.

Mo tú àgò náà fúnra mi kí wọ́n tó dá ìyá rẹ sílẹ̀ ní ọsibítù. Igi rẹ̀ ni mo fi kan pẹpẹ ìwé tó wà ní pálọ̀, èyí tó kúrú tí o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí olùkọ́ iṣẹ́ igi ṣe kan pẹpẹ ìwé tó mọ níbàdí nìyí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun nǹkankan mọ́ nínú ilé mi. Ibẹ̀ lo ti kọ́ ìwé kíkà, o ń jókòó sílẹ̀, o ń fa èyí tó wù ọ́ yọ.

Ní báyìí, padà sí Ọjọ́bọ̀. Ìwọ ń ṣàlàyé fún mi, o na ọwọ́ sókè, o ní, "Dádì, ibí ni àjà karùn-ún máa wà." Ọwọ́ rẹ débẹ̀ wẹ́rẹ́. Bọ́sẹ̀ fẹ́ yẹ ewé wò lórí pẹpẹ kékeré tí o fi ń dán an wò. Ó dojú garawa dé, ó gun orí rẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò ga jù fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò le, Bàbá. Àǹtí ní àwọn máa ra àkàbà."

Kò le. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ sọ gan-an nìyẹn. Ìdí tí mi ò fi lè jẹ ìrẹsì rẹ nìyẹn, ọmọ mi. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí, àmọ́ ẹni tó ń kan pẹpẹ kì í rántí bi ara rẹ̀ pé ọwọ́ ta ni yóò máa dé ibẹ̀. Má jẹ́ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ sọ "kò le" fún ọ kí o sì gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹni tó o ń fún lówó oṣù bá ní kò le, ó lè jẹ́ pé ó le. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wo ohun tó dúró lé. Àkàbà tí o fẹ́ rà náà, ilẹ̀ omi lo máa gbé e lé. Rò ó wò.

Ohun tí ǹ bá ṣe, tó bá jẹ́ èmi ni mo ni yàrá yẹn, ni pé n ò ní mú ọ̀kan fi èkejì sílẹ̀. Ògiri apá òsì, tò ó léra, àjà mẹ́ta péré: lẹ́túsì àti efinrin, ohun tí a ń ká kó tó ga. Apá ọ̀tún, tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tábìlì fún ata àti tòmátì, ohun tó máa ga tí yóò sì nílò kí o máa gbé iná sókè fún un bó ṣe ń dàgbà. Fi ṣéènì so iná ti ibẹ̀, kó lè máa lọ sókè sódò. Ìlọ́po márùn-ún ò ní sí níbẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ewé tó wà nínú yàrá ni ìwọ àti Bọ́sẹ̀ á máa rí láti ilẹ̀, lójoojúmọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ó bá pé ọdún kan tí ohun gbogbo ń lọ déédéé, tí o ṣì fẹ́ àjà kẹrin, gba yàrá kejì. Irú ẹni tí o jẹ́, o ó gbà á, mo sì máa wà láàyè láti ṣí i fún ọ.

Yàrá náà, tìrẹ ni. Bí o bá ka gbogbo èyí tán tí o ṣì fẹ́ àjà márùn-ún, n ò ní bá ọ jà, n ó sì tún mú lẹ́túsì rẹ lọ sí ìpàdé. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ nípa rẹ̀, ìyẹn ni okùn yìí.

Nígbà tí mo kọ̀wé dé ibi ọ̀rọ̀ ìyá mi, mo dìde, mo lọ bá ìyá rẹ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, n kò tọrọ rẹ̀ rí, mo kàn ń ra nǹkan fún un. Ó ní, "Bàbá Ìyanu, mo ti dárí jì yín kí ọmọ náà tó dáyé. Àmọ́ ẹyin adìẹ yẹn ò dùn rárá." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo ní kó bọ́ bàtà, kó dúró ti ògiri, kó na ọwọ́ sókè. Ó fẹ́ na ọ̀tún. Mo ní rárá, òsì ni kó nà.

Ó nà án débi tó lè nà án dé. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ okùn mọ́lẹ̀ lẹ́bàá gìgísẹ̀ rẹ̀, mo fà á gòkè dé orí ìka rẹ̀, mo gé e síbẹ̀. Òun àti Bọ́sẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ara wọn lọ. Ní Ọjọ́rú, kí Fàtáì tó mú téèpù rẹ̀ jáde, gbé okùn yìí lé e lọ́wọ́. Ibi tó bá parí sí ni kó gé irin rẹ̀ sí, kó má fi ìka kan kún un. Bí ó bá bi ọ́ pé irú ìwọ̀n wo nìyí, sọ fún un pé ọwọ́ ìyá rẹ ni.

Èmi ni, bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn.